Bàbà ara wáyà wẹ́dà àti ìkòkò iná átọ́míìkì

Ìbéèrè: Wẹ́dà ni mí ní Ìgbọ̀nà, Òṣogbo. Wáyà tí wọ́n fi bàbà bò ni mo fi ń jó géètì àti táǹkì. Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa irin ní yunifásítì ní bàbà yẹn máa ń ba ìkòkò ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì jẹ́. Ṣé kí n má rà á mọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀gá, ẹ máa ra wáyà yín lọ. Géètì kò ríbi pàdé neutron, ìyẹn èérún tín-ín-tín tó ń ta jáde nígbà tí átọ́ọ̀mù bá ń pín nínú ìkòkò náà. Àmọ́ òótọ́ lọmọ yín sọ.

Irin tó nípọn tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà ni ìkòkò náà, ooru rẹ̀ sì ń tó 290 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irú wáyà tiyín ni wọ́n fi jó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìkòkò tó ti pẹ́; wọ́n fi bàbà bo wáyà náà kó má baà dípẹtà, kí iná sì lè gba ara rẹ̀ kọjá dáadáa. Bàbà ojú ibi tí wọ́n jó lè tó ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Irin kò fẹ́ gba bàbà tó bẹ́ẹ̀ mọ́ra ní ooru yẹn, ṣùgbọ́n bàbà ò rọ́nà jáde. Neutron ló ń lànà fún un: ó ń ta átọ́ọ̀mù irin kúrò lájòókòó, àyè òfìfo á ṣẹ́kù, bàbà á máa ti àyè kan bọ́ sí òmíràn títí wọ́n á fi ṣù jọ. Ẹ lè to ìṣù bẹ́ẹ̀ tó ju 10,000 lọ sórí ìbú irun orí kan ṣoṣo. Àwọn ló ń há irin lẹ́sẹ̀: irin tó yẹ kó tẹ̀ kò ní tẹ̀ mọ́, yóò fọ́ bí àwo, pàápàá bí omi tútù pàjáwìrì bá dà lù ú.

Níkẹ̀lì, tí wọ́n ń pò mọ́ irin ìkòkò náà, tún máa ń bá wọn ṣù. A ò sì lè yọ ọ́ dànù, torí òun ni kì í jẹ́ kí irin tètè fọ́ nínú òtútù.

Ìdí nìyí tí bàbà inú ìkòkò tuntun kì í fi í sábà kọjá ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlànà ER70S-6, tó ṣeé ṣe kó wà lára páálí wáyà yín, gbà tó 0.5, àti bàbà inú wáyà àti èyí tí wọ́n fi bò ó lápapọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jó irú ìkòkò yẹn, wáyà tí kò ní bàbà lára ni kó rà, kó sì béèrè ìwé àyẹ̀wò irin náà.

Àwọn tó ń yọ́ àwókù irin ló yẹ kó fura jù. Bí wáyà mọ́tò bá bá àwókù wọ iná, bàbà rẹ̀ á kù sínú irin náà, torí irin á jóná kí bàbà tó jó kúrò.

Ìkòkò tó bá ti le, wọ́n lè fi iná tù ú. Ní Rọ́ṣíà, wọ́n ti mú ooru àwọn kan dé nǹkan bí 475 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí tó lé ní 100. Ìṣù bàbà ò ní tú tán o. Wọ́n á tóbi, wọ́n á jìnnà síra, irin á sì tún ráyè tẹ̀ láàárín wọn.