Ìkọ́ lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì katakata: irin abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ fẹ́ jó ìkọ́ méjì mọ́ òkè bọ́kẹ́ẹ̀tì lódà, ìyẹn apá irin tó ń gbé nǹkan níwájú katakata yín, kí ẹ lè máa fi ṣéènì gbé páìpù àti jẹnẹrétọ̀, tí wẹ́dà yín sì ní iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú péré ni: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó ṣe sùúrù ná. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Owó tó bá a lọ kò dùn mí tó ẹ̀rù tó bà mí.

Lọ́dún 2016 ni mo ra Massey Ferguson àlòkù kan tó ní lódà níwájú, fún oko wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Kò tíì pé oṣù kan tó dé tí mo fi rí i pé yanrìn kíkó nìkan kọ́ ni mo fẹ́ máa fi ṣe. Mo pe wẹ́dà kan lẹ́bàá títì. Ó ní ọ̀pá irin mílì 16 nílẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dẹ́kì. Ó fi òòlù lù ú títí ó fi tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ó sì jó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àárín gbùngbùn etí òkè bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹlẹ́kítíródù gauge 12, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fi ń jó irin, ló lò. Ojú iṣẹ́ náà dán, mo sanwó, mo tún dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, a fẹ́ gbé irin ìtúlẹ̀ aláwo mẹ́ta sórí tírélà. Kò tíì kúrò nílẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ tí mo rí i tí etí òkè bọ́kẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí etí agolo mílíìkì tí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ̀. Mo pariwo sí dírẹ́bà pé kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan lífà tí ìkọ́ fi kán. Ó dún gan-an bí agogo. Irin ìtúlẹ̀ já lulẹ̀ gbì. Ọmọkùnrin tó ń bá wa di ṣéènì ti fò sẹ́yìn, àmọ́ sálúbàtà rẹ̀ kan kù síbẹ̀. Nígbà tí a máa fi dígà wú u jáde, ó ti gé sí méjì.

Alẹ́ ọjọ́ náà, tí àyà mi ti balẹ̀ díẹ̀, mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wò ó. Ojú ibi tí wọ́n jó kò já rárá. Ọ̀pá irin yẹn ló kán, ní etí ibi tí iná jó dé gẹ́lẹ́, ojú ibi tó kán sì ń dán wínníwínní bí iyọ̀. Irin dẹ́kì le lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní tútù, tí a tún wá jó o, ẹ̀bá ibi tí iná dé lè gan bí dígí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé bí ìkọ́ náà bá tilẹ̀ dára, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ì bá tẹ̀ títí dé òpin. Etí òkè bọ́kẹ́ẹ̀tì katakata kékeré kò nípọn. Yanrìn ni wọ́n ṣe é fún, yanrìn sì máa ń pín ìwúwo rẹ̀ káàkiri. Ìkọ́ kì í pín in, ojú kan náà ló máa ń fà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi í sí àárín. Ẹ lọ sẹ́yìn bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ibi tí apá lódà méjèèjì ti fi píìnì dì í mú, ẹ fi ojú tọ̀ ọ́ gòkè tààrà títí dé etí òkè. Ibẹ̀ ni. Níbẹ̀, agbára tí ìkọ́ ń fà yóò gba ara irin tó nípọn sọ̀ kalẹ̀ sínú apá lódà, kò ní máa yí bọ́kẹ́ẹ̀tì po. Kí ẹ tó gbé ìkọ́ lé e, ẹ kọ́kọ́ fi irin pẹlẹbẹ mílì 10 tàbí 12 sí abẹ́ rẹ̀. Tèmi gùn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo sì jẹ́ kó di etí bọ́kẹ́ẹ̀tì mú lókè àti lẹ́yìn. Ẹ fá igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó rí róbótó, torí igun ṣóńṣó ni irin ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀kẹta láàárín dandan, ẹ kọ́kọ́ jó irin páìpù onígun mẹ́rin mọ́ gbogbo ìbú etí òkè náà láti apá kan dé èkejì. Ètè ìsàlẹ̀ tó ń gé ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án. Irin líle ni wọ́n fi ṣe é, tí ẹ bá jó nǹkan mọ́ ọn láìkọ́kọ́ mú un gbóná, yóò sán.

Ìkọ́ fúnra rẹ̀, ẹ rà á, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Òwòdé Onírin l'Ékòó ni mo ti rí tèmi: ìkọ́ tí wọ́n rọ, tí ìwúwo tó lè gbé wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe fún jíjó mọ́ irin. Kì í ṣe gbogbo ìkọ́ tó lágbára ló ṣeé jó o. Àwọn kan wà tí iná máa ń ba agbára wọn jẹ́. Ní ti ṣéènì, ẹ wo ara rẹ̀ fún 8 tàbí 80, àmì ìpele agbára rẹ̀ nìyẹn. Mílì 10 onípele 80 lè gbé tọ́ọ̀nù 3.15 lójú kan, mílì 8 lè gbé tọ́ọ̀nù 2. Lódà tèmi kò lè gbé ìdajì ìyẹn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún bí ṣéènì méjèèjì bá ṣe yà síra o. Tí wọ́n bá ya ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ààrin wọn fi tó 120 dígírì, ìkọ̀ọ̀kan wọn ń fa gbogbo ìwúwo ẹrù náà, kì í ṣe ìdajì. Ó tún ń fa ìkọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ìkọ́ kò sì fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́.

Ẹlẹ́kítíródù ni wẹ́dà yín yóò bá yín jà lé. E6013, irú èyí tó wọ́pọ̀, ló ní nílé, yóò sì ní kò sí ohun tí kò lè jó. Ẹ ní irú kejì, E7018, lẹ fẹ́, gauge 10, tó nípọn ju gauge 12 lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn sì ni yóò mú irin sán lábẹ́ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Èyí tó ti ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ní àkókò òjò, ẹ má gbà á. Oòrùn kò lè gbẹ ẹ́; ààrò tó gbóná tó nǹkan bíi 350°C fún wákàtí kan ló ń gbẹ ẹ́. Páálí kékeré tuntun ni èmi rà, ojú mi ni wọ́n ṣe já a. Àwọn máṣíìnì oníkọ́pà tí wọ́n ń wé fúnra wọn lẹ́bàá títì kì í sábà lè tan 7018 dáadáa, yóò kàn máa lẹ̀ mọ́ irin ni. Ẹ wá ẹni tó ní máṣíìnì inverter tí wọ́n fi ń jó irin, kì í ṣe ti iná ilé. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi gíráǹdà fá ọ̀dà kúrò títí irin á fi funfun.

Àṣìṣe mi kejì ṣẹlẹ̀ níbí. Wẹ́dà kejì mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ara katakata lẹ́yìn ló fi wáyà ẹ́ẹ̀tì há, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà sínú máṣíìnì. Iná ń gba inú píìnì àti sílíńdà tó ń ti apá lódà kọjá kó tó délé. Bátìrì kò sì kúrò. Alternator, èyí tó ń fún bátìrì níná, jó lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn sílíńdà bẹ̀rẹ̀ sí í sun epo, ojú ọ̀pá rẹ̀ tó ń dán ti ní àpá wẹ́wẹ́. Ẹ tú wáyà bátìrì méjèèjì. Ẹ fi ẹ́ẹ̀tì há bọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń jó.

Nípa ibi tí ẹnu ìkọ́ yóò kọjú sí, ẹ má fi ojú inú ṣe é. Ẹ kàn fi iná tọ́ ọ lójú méjì kó lè dúró, kí dírẹ́bà wá da bọ́kẹ́ẹ̀tì délẹ̀ bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù, kí etí òkè wá síwájú. Ẹ fi ṣéènì kọ́ ọ. Tí ẹnu ìkọ́ bá kọjú sókè níbẹ̀, ẹ jó o parí. Tí ó bá kọjú sílẹ̀, ẹ já a, ẹ yí i. A yí tèmi lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ tún rántí ìdí katakata. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ kan lórí ilẹ̀ tó dagun díẹ̀, mo rí i tí táyà ẹ̀yìn kan gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yìn ni bíréèkì katakata mi wà, nítorí náà lọ́wọ́ kan náà ni mo pàdánù bíréèkì. Ní báyìí, dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tí mo da kọnkéré kún ló ń wà lẹ́yìn, bíi kílò 480 nìyẹn, kí n tó fọwọ́ kan ìkọ́. Ẹrù kì í kọjá orúnkún mi lókè, a máa ń fi okùn dì í kó má máa fì. Ẹnikẹ́ni kì í wà lábẹ́ rẹ̀, torí hóòsì epo lódà kan ṣoṣo tó bá bẹ́, gbogbo apá lódà yóò wálẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè lọ́dọọdún, mo máa ń fi kẹrosíìnì pa ojú ibi tí a jó, n ó nù ún gbẹ, n ó wá fi ẹfun kùn ún. Ibi tí ó bá ti sán, kẹrosíìnì tó ti wọ ibẹ̀ yóò jáde, yóò fa ìlà dúdú tín-ín-rín sínú ẹfun. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí ọ̀kan lápá òsì, kò gùn ju èékánná lọ, ní igun kan ṣoṣo tí a gbàgbé láti fá róbótó. A fi gíráǹdà wú u jáde, a sì tún un jó.