Bátì pickleball wo ni ká rà fún Bàbá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bàbá mi ti pé ọmọ ọdún 71, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ìbarà ní Abẹ́òkúta níbí la sì ń gbé. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí kọnkéré inú ọgbà ọ̀kan nínú wọn, Bàbá ò jókòó sílé mọ́. Pickleball, eré tí wọ́n ń fi bátì gbá bọ́ọ̀lù ike kọjá àwọ̀n, ni: pickleball láàárọ̀, pickleball nírọ̀lẹ́. Bátì onípákó tí wọ́n yá ni wọ́n ń lò, ìgúnpá ọ̀tún sì ti ń dùn wọ́n. Àbúrò mi tó wà ní Houston fẹ́ fi tuntun ránṣẹ́, ó ní òun ti rí èyí tó fúyẹ́ jù, tó tún wọ́n jù. Ṣé kó rà á? Wọ́n gbá tẹ́nìsì orí tábìlì dáadáa nígbà èwe wọn, làkúrègbé sì wà ní oríkèé ìka wọn díẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ tètè pe àbúrò yín kó má tíì sanwó. Bátì tó fúyẹ́ jù kọ́ ló máa ń ṣàánú ìgúnpá jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú nìyẹn, èmi náà sì ti ṣì í mú rí: bátì tí mo kọ́kọ́ rà fúyẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, kò sì pé oṣù kan tí mo fi ń wá ohun tí màá fi di ìgúnpá ara mi, èmi tí mo ń tọ́jú ti ẹlòmíràn.

Ẹ wò ó báyìí. Bọ́ọ̀lù pickleball kì í ju nǹkan bíi gíráàmù 26 lọ, àmọ́ eré ló ń bá bọ̀. Tó bá pàdé bátì tó fúyẹ́ jù, bátì náà á gbọ̀n rìrì, ọwọ́ ló sì máa gba ìgbọ̀nrìrì yẹn títí dé ìgúnpá. Kò tán síbẹ̀. Nítorí pé bátì ò ní agbára tirẹ̀, Bàbá á máa ju apá kíkankíkan kí bọ́ọ̀lù tó lè kọjá àwọ̀n. Ẹ̀wẹ̀, èyí tó wúwo jù, tó ti kọjá gíráàmù 240, èjìká ló máa fìyà jẹ, ọwọ́ á sì pẹ́ kó tó gbéra nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń já lu ara wọn. Fún ẹni ọdún 71 tí ìgúnpá ń dùn, gíráàmù 210 sí 230 ni màá dúró sí. Wọ́n sábà máa ń kọ ìwọ̀n yìí sára páálí; tó bá jẹ́ ounce ni wọ́n fi kọ ọ́, 7.4 sí 8.1 ni.

  

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ fi ìwúwo sílẹ̀ ná. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni èèkù, ibi tí a ti ń di bátì mú. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Tí èèkù bá tín-ín-rín jù, ìka á máa fún un pinpin kó má baà yí mọ́ wọn lọ́wọ́, fífún yẹn gan-an ló sì ń pa ìgúnpá, nítorí iṣan tó ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè so mọ́ egungun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òde ìgúnpá. Ẹ ní kí Bàbá kọ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ yẹn gbé àga kékeré kan. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òde yẹn ló dùn wọ́n, ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Oríkèé ìka tó ní làkúrègbé pàápàá kì í fẹ́ kí wọ́n fún un pa. Èèkù tó kún ọwọ́ díẹ̀ ló máa ń tù ú lára.

Ẹ mú rúlà tàbí tépù télọ̀. Kí Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ wọn ọ́n láti ìlà tó wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí dé ṣóńṣó ìka òrùka. Iye íǹsì tí ẹ bá rí ni yíyípo èèkù tó yẹ wọ́n, ó sì sábà máa ń bọ́ sáàárín 4 sí 4.5. Tó bá bọ́ sáàárín ìwọ̀n méjì, ẹ ra kékeré. Rọ́bà tí wọ́n ń wé mọ́ èèkù lè sọ ọ́ di ńlá, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe máa gbẹ́ èèkù ńlá tó máa fi padà di kékeré. Kí àbúrò yín fi rọ́bà wíwé mẹ́ta mẹ́rin kún ẹrù náà o, nítorí òógùn Abẹ́òkúta á tètè jẹ ẹ́.

Ní ti pákó tí wọ́n yá yẹn, kí wọ́n má rò pé wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní 1965 tí eré yìí bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Bainbridge ní Amẹ́ríkà, bátì tẹ́nìsì orí tábìlì ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbá a lórí pápá badminton, kí Barney McCallum tó fi pákó gé àwọn bátì tó tóbi jù ú lọ. Àtìgbà náà ni pápá rẹ̀ ti bá ti badminton dọ́gba, ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 44. Ṣùgbọ́n pákó wúwo, ó sì le. Bátì òde òní ní ihò wẹẹrẹ wẹẹrẹ nínú bí afárá oyin, ike polypropylene ni wọ́n sì fi ń ṣe inú yẹn jù. Kí àbúrò yín wá èyí tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16. Ó ń gba agbára bọ́ọ̀lù mọ́ra ju ti 13 lọ. Ojú rẹ̀ lè jẹ́ fiberglass tàbí carbon, mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn.

Ní ti ìrísí, kó yan èyí tó fẹ̀, kì í ṣe èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Òfin ní gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju íǹsì 24 lọ, nítorí náà èyí tó bá gùn kò ní fẹ̀. Bí bátì bá ti gùn ni orí rẹ̀ ń fa ọwọ́ sí, bí ìgbà tí èèyàn di òòlù mú ní ìdí.

Kò yẹ kí gbogbo rẹ̀ ná an ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ. Èyí tó wọ́n jù tó ń sọ yẹn, àwọn tó ń díje ni wọ́n ṣe é fún.

Bátì nìkan kò sì ní wo ìgúnpá o. Kí wọ́n sinmi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Tí wọ́n bá padà, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tó, kí wọ́n máa fi èjìká gbá a, kí wọ́n gbàgbé ọrùn ọwọ́ jíjù tí wọ́n kọ́ nídìí tábìlì. Kí wọ́n di èèkù mú bí ẹni mú òròmọdìyẹ, kó má bọ́, kó má sì kú. Tí ìka bá ń kú tìpìrì, tàbí tí ìrora bá ń jí wọn lóru, ẹ mú wọn wá.

Owó tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ àbúrò yín, kó fi ra bàtà tẹ́nìsì tó di ẹsẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Lórí kọnkéré, ìṣubú ló ń bà mí lẹ́rù fún Bàbá ju ìgúnpá lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá sì ti fò kọjá lórí wọn, kí wọ́n má fi ẹ̀yìn rìn lé e, kí wọ́n jẹ́ kó lọ.