Iqaluit sí Yellowknife: ìdí tí rúlà àti tíkẹ́ẹ̀tì kò fi bára mu

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Iqaluit, ní àríwá Kánádà, wọ́n sì ní kó lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Yellowknife. Mo fi rúlà wọn ọ̀nà náà lórí máàpù ayé tó wà ní kíláàsì mi, mo fi wé ìwọ̀n Nàìjíríà, ó sì lé ní 5,000 kìlómítà. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ni yóò gbéra, aago méjì ọ̀sán ni yóò dé. Bàálù wo ló ń sáré tó bẹ́ẹ̀? (Olùkọ́ kan, Ìkéré-Èkìtì)

Ìdáhùn: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Rúlà yín ló bù kún ọ̀nà náà, tíkẹ́ẹ̀tì ló sì bù nínú àkókò rẹ̀.

Àwọn ìlà òró tó ti ìpẹ̀kun àríwá ayé lọ sí gúúsù máa ń súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń lọ sókè, gẹ́gẹ́ bí awẹ́ ọsàn ti ń pàdé nídìí, ṣùgbọ́n máàpù pẹlẹbẹ tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń fà wọ́n ya kí wọ́n lè dúró gbọọrọ. Láti ìlà dígírì kan sí èkejì ní Èkìtì níbí, ó tó 110 kìlómítà. Ní Iqaluit, kò pé 50. Ìdí nìyí tí ohun tí ẹ wọ̀n fi ju ìlọ́po méjì òótọ́ lọ. Ọ̀nà tààrà láàárín pápákọ̀ òfuurufú méjèèjì kò ju nǹkan bí 2,260 kìlómítà lọ.

Bàálù tó ń na ọ̀nà yìí sábà máa ń balẹ̀ ní Rankin Inlet: nǹkan bí 1,175 kìlómítà láti Iqaluit débẹ̀, 1,135 láti ibẹ̀ dé Yellowknife. Ìyàbàrá náà kò ju 50 kìlómítà lọ. Àkókò ló ń jẹ, nítorí wọn yóò já ẹrù, wọn yóò rọ epo, wọn yóò sì tún gbéra. Bó bá jẹ́ ATR 42, bàálù kékeré tí abẹ̀bẹ̀ ń yí lára apá rẹ̀, tó ń sá tó 500 kìlómítà ní wákàtí kan, yóò lò ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ lójú òfuurufú nìkan, ìrìn náà yóò sì tó wákàtí mẹ́fà tí a bá ka ìdúró mọ́ ọn. Wákàtí mẹ́ta tí ẹ̀rọ ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé jáde jẹ́ ti jẹ́ẹ̀tì ńlá tí kò yà síbì kankan. Èmi kì í fi ṣètò ìrìn-àjò fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sí i. Yellowknife fi wákàtí méjì wà lẹ́yìn Iqaluit, nítorí náà aago méjì tí yóò dé yẹn, aago mẹ́rin ni ní Iqaluit. Nígbà tó bá ń padà, atẹ́gùn tó sábà ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn yóò máa ti bàálù lẹ́yìn, síbẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yóò dà bíi pé ó pẹ́ jù, torí wákàtí méjì yẹn ti di àfikún.

Bí wọ́n bá fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Ottawa, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn: Ottawa nìkan lé ní 2,000 kìlómítà sí gúúsù, ó sì lè sùn lọ́nà. Bó bá jẹ́ ìgbà òtútù wọn ni, ẹ má retí ìpè rẹ̀ ní Ìkéré ṣáájú aago mẹ́wàá alẹ́, torí aago méjì ọ̀sán ti Yellowknife nìyẹn, bí ìjì yìnyín bá sì jà, ó lè di ọjọ́ kejì kí bàálù tó gbéra rárá.