Áàpù mi ń kú lójijì: kí ni kí n kọ sí àwọn tó ṣe é?

Ìbéèrè: Áàpù tí mo fi ń ṣe ìṣirò ọjà máa ń kú lójijì. Mo kọ̀wé pé kò ṣiṣẹ́, wọn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ gbà mí o.

Ìdáhùn: "Kò ṣiṣẹ́" kò tó, torí ó máa ń rọrùn fún wọn láti rídìí àṣìṣe náà bí ó bá ṣẹlẹ̀ lórí fóònù tiwọn náà. Ẹ to ohun tí ẹ tẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: "Mo ṣí i, mo kọ iye owó, mo tẹ 'Save', ó kú." Ẹ sọ bóyá ìgbà gbogbo ni. Lórí Android, ẹ tẹ àmì áàpù náà mọ́lẹ̀, ẹ yan "App info". Nọ́ńbà "version" (ẹ̀dà áàpù náà) sábà máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá; ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹ fi àwòrán ojú fóònù kún un, ṣùgbọ́n ẹ bo nọ́ńbà àkáǹtì. Ímeèlì wọn wà lábẹ́ "App support" lórí Play Store. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá nira, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá; wọ́n lè wá ẹni tí yóò kà á.