Disneyland ti kún: kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ o, àmọ́ ìjókòó ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò le: Disneyland, ọgbà ìgbafẹ́ ilé iṣẹ́ Disney tó wà ní Anaheim, ní California, ti kún débi pé èèyàn ò ráyè ju apá lójú ọ̀nà mọ́. Ṣé ó tún yẹ kí wọ́n máa fẹ̀ ẹ́, àbí kí wọ́n dín èrò kù ná? Ìdáhùn tèmi ni pé kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní "kí wọ́n ṣáà fi ilẹ̀ kún un" ò tíì sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ nìkan kì í tú ìlà ká. Ìjókòó ló ń tú u ká, ìyẹn iye èèyàn tí ráìdì (ohun ìgùn eré) kọ̀ọ̀kan lè gbé láàárín wákàtí kan.

Ẹ wo Dumbo, ráìdì erin tó ń fò yíká. Erin 16 ló wà lára rẹ̀, èèyàn méjì-méjì ló ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sí èyí tó ṣófo, èèyàn 32 ló máa gbéra lẹ́ẹ̀kan. Ká ní gígùn, yíyí àti sísọ̀kalẹ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́rin lápapọ̀: ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò yí ní wákàtí kan, èèyàn 480 péré. Tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́ta bá sì dé, erin méjì ni wọ́n máa gbà, ìjókòó kan á ṣòfò. Haunted Mansion, ráìdì ilé iwin, ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àga 131 ló so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń yí lọ láìdáwọ́ dúró, orí bẹ́líìtì tó ń rìn lèèyàn ti ń bọ́ sínú wọn, ó sì ń gbé ju 2,000 lọ ní wákàtí kan. Dumbo mẹ́rin ò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀kan yẹn.

Ní Florida, Disney tètè rí èyí. Ní 2012, wọ́n kó Dumbo ti Magic Kingdom, ọgbà wọn níbẹ̀, lọ sí igun mìíràn nínú ọgbà kan náà, wọ́n sọ ọ́ di méjì, wọ́n sì fi àgọ́ kan sí i tí àwọn ọmọdé ti lè máa ṣeré títí yóò fi kàn wọ́n, kí òbí má bàa nàró nínú oòrùn. Kò sí ohun tuntun kankan níbẹ̀ tí èèyàn lè fi ṣe ìpolówó. Ìjókòó ló di ìlọ́po méjì. Irú ìmúgbòòrò tí mo fẹ́ nìyẹn.

Àkókò ìgbéra náà wà níbẹ̀, àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í kà á. Èèyàn 12 ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé ní Space Mountain, ráìdì tó ń sáré nínú òkùnkùn. Bí ọ̀kan bá ń gbéra ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 20, èèyàn 2,160 ló máa gùn ún ní wákàtí kan. Bó bá falẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá 30, ó di 1,440. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ló jẹ 720 ìjókòó. Kí ló ń fà á? Báàgì tí kò wọ abẹ́ ẹsẹ̀, fóònù tó bọ́ sílẹ̀, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọn gíga rẹ̀ lẹ́nu ọkọ̀ bóyá ó pé ínǹṣì 40, ẹni tí ẹ̀rù bà tó ní òun ò lọ mọ́. Bí ọkọ̀ tó wà níbi ìgùn ò bá tíì kúrò, tẹ̀yìn rẹ̀ ò lè wọlé; á dúró síta, èyí tó tẹ̀ lé e náà á dúró. Ráìdì tuntun tí wọn ò bá fún ní ibi ìgùn méjì tí ọkọ̀ lè pín sí, tàbí bẹ́líìtì tó ń rìn, ìlà tuntun ni wọ́n kọ́.

Àwọn tó ń sọ pé kò sí àyè mọ́ ní Anaheim, ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan yí ọgbà náà po, orí rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà. Ìdí tí ọkọ̀ ojú omi Pirates of the Caribbean (1967) fi ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀rẹ̀ ni kó lè gba abẹ́ irin kọjá sínú ilé ńlá tó wà lẹ́yìn òkìtì. Yàrá Haunted Mansion (1969) tó ń gùn sókè lójú yín, lífítì ni; ẹ̀yin lẹ ń lọ sísàlẹ̀, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rin abẹ́ irin náà kọjá. Indiana Jones (1995) náà, ìlà rẹ̀ gùn bẹ́ẹ̀ nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń gbọ́kọ̀ sí tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn odi, ni ilé rẹ̀ wà. Ẹnu ilẹ̀kùn nìkan ló wà nínú ọgbà. Ilé gan-an wà níta. Ọgbọ́n yẹn ò tíì tán.

Ọgbà kejì, California Adventure, orí ibi ìgbọ́kọ̀sí àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí, ó sì ṣí ní 2001. Àmọ́ ohun gígùn ibẹ̀ kéré, torí náà èrò ò kúrò ní Disneyland. Ìgbà tí Cars Land, apá tuntun tí fífẹ̀ rẹ̀ tó éékà 12, ṣí ní 2012 ni ẹsẹ̀ èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní ìjókòó nínú ò gba ẹrù kankan lórí ẹnikẹ́ni.

Galaxy's Edge, apá Star Wars tí wọ́n fi kún Disneyland, ni kí ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n, níbi tó ti dáa àti níbi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Éékà 14. Kí wọ́n tó rí àyè, wọ́n gé odò inú ọgbà kúrú, wọ́n yí ipa ọkọ̀ ojú irin padà, gbogbo ìyẹn sì wà ní títì láti oṣù kìíní 2016 títí di oṣù keje 2017. Kí ó tó ṣí, wọ́n gé etí àwọn ibi tí wọ́n gbin òdòdó sí kí ọ̀nà lè fẹ̀, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ọmọ ò gbọ́dọ̀ ju ínǹṣì 31 ní fífẹ̀ àti 52 ní gígùn lọ, wọ́n sì fòfin de èyí tí wọ́n máa ń fà bí ọmọlanke. Lójú tèmi, iṣẹ́ etí òdòdó yẹn ló wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yà á ní fọ́tò. Ibi tí wọ́n ti ṣìṣe ni pé ráìdì kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ nígbà tó ṣí ní May 31, 2019. Èkejì, Rise of the Resistance, ò ṣí títí di January 17, 2020. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti gun ọ̀kan tán, kiri ló kù. Ìṣirò tí TEA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọgbà ìgbafẹ́, ń gbé jáde lọ́dọọdún sì fi èrò Disneyland sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 18.7 ní 2018 àti ní 2019, kò kúrò lójú kan. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ohun tuntun á fa èrò débi tí ọgbà á fi bẹ́, ọdún yẹn ò gbè é lẹ́yìn.

Ẹ má ka àtúnṣe mọ́ ìmúgbòòrò o. Ráìdì Splash Mountain di Tiana's Bayou Adventure ní November 2024: ojú omi kan náà ni. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìjókòó kan ò kún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n gbówó tíkẹ́ẹ̀tì lé sí i kí èrò lè dínkù, ó ti ju igba dọ́là lọ fún ọjọ́ kan láwọn ọjọ́ tó wọ́n jù, ọ̀nà ṣì kún. Ohun kan tó ń kún ọ̀nà yẹn ni ètò tó jẹ́ kí èèyàn gba àyè sílẹ̀ láìtò. FastPass bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Lightning Lane ló gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ì bá wà lórí ìlà, nínú ọgbà ìlà tí wọ́n kọ́ fún un, ló wá ń rìn kiri títí àsìkò rẹ̀ á fi tó. Ó wà lórí ìlà, ó tún wà lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi gbọ́dọ̀ ní ilé tirẹ̀ nínú ìmúgbòòrò èyíkéyìí, pẹ̀lú òjìji, omi mímu àti ilé ìyàgbẹ́ tó súnmọ́ ọn. Tí ráìdì ńlá bá sì dákẹ́ lójijì, gbogbo èrò inú rẹ̀ ló máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbà wọ́n.

Ní báyìí, ètò tó wà nílẹ̀ ni DisneylandForward, tí ìgbìmọ̀ ìlú Anaheim fọwọ́ sí ní 2024. Ilẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ Disney tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òfin lílo ilẹ̀ ni wọ́n yí padà, kí ráìdì, òtẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀bù lè jọ wà níbi tí ọ̀kan ṣoṣo wà tẹ́lẹ̀. Disney gbà láti ná bílíọ̀nù 1.9 dọ́là, ó kéré tán, láàárín ọdún mẹ́wàá, àti mílíọ̀nù 30 fún ilé tí apá mẹ̀kúnnù lè ká. Wọ́n tún gbà láti ra òpópónà Magic Way àti apá kan lára àwọn òpópónà mìíràn ní mílíọ̀nù 40. Àwọn tó ń gbé lápá ìwọ̀ oòrùn ráhùn lórí Magic Way, ìráhùn wọn ò sì burú: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá ni.

Bí wọ́n ṣe máa tò ó tẹ̀léra ló ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà méjèèjì, ti 2000 àti ti 2019, apá ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n wà. Ẹni tó bá gbọ́kọ̀ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ń jẹ́ Toy Story, lápá gúúsù ìlà oòrùn, bọ́ọ̀sì ló ń gbé e wá. Ilẹ̀ Toy Story yẹn sì wà lára ibi tí òfin tuntun ti fàyè gba ìkọ́lé. Kí wọ́n kọ́kọ́ parí ilé ìgbọ́kọ̀sí tuntun lápá ìlà oòrùn, kí wọ́n gbé afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá lórí Harbor Boulevard, kí èrò tó ń ti àwọn òtẹ́ẹ̀lì òdìkejì wá má máa dúró de iná ojú títì mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí katakata tó wọ Toy Story.