Bí fídíò ṣe lè ṣí síbi tí ẹ fẹ́ lójú pírójẹ́kítọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa, ní Àbújá níbí. Ubuntu, irú Linux kan, ni mò ń lò. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi mpv (ètò tó ń gbé fídíò jáde) ṣí fídíò, orí láptọ́ọ̀pù mi ló máa ń yọ sí, màá wá máa fi máòsì wọ́ ọ lọ sójú pírójẹ́kítọ̀ níṣojú gbogbo ìjọ. Ṣé ó lè bọ́ síbi tó yẹ fúnra rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ kọ èyí sí terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà (iwaasu.mp4 ni orúkọ fáìlì fídíò náà):

mpv --geometry=800x450+1466+100 iwaasu.mp4

800x450 ni fífẹ̀ àti gíga fèrèsé náà. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé e ni ibi tí yóò jókòó sí: láti igun òkè lápá òsì la ti ń kà á, a ó kọ́kọ́ lọ sápá ọ̀tún, ká tó sọ̀kalẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í. Pátákó gígùn kan ṣoṣo ni láptọ́ọ̀pù yín àti pírójẹ́kítọ̀ jẹ́ lójú Linux. Bí ojú láptọ́ọ̀pù bá fẹ̀ tó 1366 píksẹ̀lì, tí ẹ sì to pírójẹ́kítọ̀ sápá ọ̀tún rẹ̀, a jẹ́ pé 1366 ni ojú pírójẹ́kítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi 100 lé e, ó di 1466. Ẹ tẹ xrandr, ẹ ó rí iye tiyín. Bí ẹ bá fi --ontop kún un, fèrèsé mìíràn kò ní bò ó.

Bó bá ṣí, tí kò sì dé ibi tẹ́ ẹ rán an, ẹ tẹ echo $XDG_SESSION_TYPE. Tó bá dáhùn pé wayland, ẹjọ́ yín kọ́: Wayland, ètò tó ń gbé fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà, kì í jẹ́ kí fèrèsé yan ibi tí yóò wà. Ẹ jáde, nígbà tí ẹ bá ń wọlé padà, ẹ tẹ àmì gíà tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹ mú “Ubuntu on Xorg” (Xorg ni ètò àtijọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Wayland). Ó wà nínú Ubuntu 22.04 àti 24.04.

Àmọ́ fún ìsìn, èmi á ní kí fídíò kún ojú pírójẹ́kítọ̀ pátápátá, Wayland kì í sì í dí èyí lọ́wọ́:

mpv --fs --fs-screen=1 iwaasu.mp4

Láptọ́ọ̀pù ló sábà máa ń jẹ́ 0, pírójẹ́kítọ̀ a jẹ́ 1.

Mo wà nídìí irú iṣẹ́ yìí níbi ìgbéyàwó kan ní Nyanya nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Pírójẹ́kítọ̀ kú, bátìrì gbé láptọ́ọ̀pù ró, fídíò sì sá padà sójú rẹ̀. Mo tẹ Q ńlá. Q kékeré kàn ń pa mpv ni, ṣùgbọ́n ti ńlá máa ń rántí ibi tó dé. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo tẹ ọfà òkè kí àṣẹ náà padà wá, mo tẹ Enter, ìyàwó sì ń bá ijó rẹ̀ lọ lára ògiri.