Àbúrò, fi ẹnu ìbọn sílẹ̀ ná, ẹsẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní fọ́tò méjì lo bá nínú àpótí bàbá bàbá ẹ lẹ́yìn tí wọ́n jáde láyé. Ọ̀kan, bàbá wọ bẹ́rẹ́ẹ̀tì, wọ́n fẹ̀yìn ti mọ́tò ogun kékeré kan, ẹnì kan wá fi bírò kọ "táǹkì, Ọ̀rẹ̀ 1967" sẹ́yìn ẹ̀. Èkejì, àwọn ọkùnrin oníṣòkòtò péńpé mẹ́rin yí ìbọn àgbá kan ká, wọ́n sì ń sọ nínú ẹbí yín pé ọ̀kan nínú wọn ni bàbá tó bí bàbá bàbá ẹ, pé ogun Bọ́mà ni. O wá ń bèèrè pé irú táǹkì wo nìyẹn, irú ìbọn wo sì lèyí.

Ti àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe táǹkì rárá. Ferret ni, ọkọ̀ ogun kékeré tí wọ́n fi ń ṣe amí. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ àwọn ará ilé nínú, torí gbogbo ẹni tí bàbá wọn jagun ló máa ń fẹ́ kó jẹ́ táǹkì, àmọ́ nǹkan tó ní táyà rọ́bà mẹ́rin bíi Land Rover ò lè jẹ́ táǹkì jàre.

Jẹ́ n sọ bí mo ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, torí owó àpò mi ni mo fi kọ́ ọ. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn níbí, ìwé ìsìnkú ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn ò ní kó fọ́tò àtijọ́ wá kí n bá wọn skáànì ẹ̀, kí n nu ojú ẹ̀, kí n kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé fọ́tò bàbá wọn wá, bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ogun oní-táyà mẹ́fà, wọ́n ní kí n bá àwọn wá orúkọ ọkọ̀ náà kó lè wuyì. Èmi náà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ka táyà, mẹ́ta lọ́tùn-ún mẹ́ta lósì, mo rí Saladin, òun náà táyà mẹ́fà, ó parí, mo kọ SALADIN gàdàgbà sábẹ́ fọ́tò, mo tẹ 300 ìwé. Ọjọ́ ìnáwó dé, wọ́n ti ń pín oúnjẹ lọ́wọ́, bàbá kan tó jókòó sí tébù àwọn ológun àtijọ́ ṣí ìwé, wọ́n yọ awò ojú, wọ́n tún un wọ̀, ni wọ́n bá fi igbe ta pé ta ló kọ ìsọkúsọ yìí. Wọ́n ní Saracen ni òun àti olóògbé jọ wà, òun gan-an lòun ń wa á, ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà níwájú ẹsẹ̀ òun, ooru ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sè òun jinná, kí wá lẹni tó ń kọ Saladin ń wí? Àkọ́bí olóògbé ò bá mi jà o, ó kàn wò mí ṣáá. Mo tún 300 ìwé yẹn tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo wá bàbá yẹn lọ sílé wọn lọ́sẹ̀ kejì, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí kọ̀ǹpútà, ẹnu ìbọn lẹ máa ń sáré lọ wò, bẹ́ẹ̀ ìbọn kan náà ni wọ́n lè gbé lé orí ọkọ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ibi tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà, ìyẹn ò ṣeé pààrọ̀ bọ̀rọ̀.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wo Saladin àti Saracen. Iléeṣẹ́ kan náà, Alvis ní Coventry nílùú òyìnbó, ló ṣe méjèèjì, ọmọ ìyá ni wọ́n, táyà wọn jọra gan-an, ṣùgbọ́n Saladin gbé ẹ́ńjìnì sẹ́yìn, iwájú ẹ̀ wá tẹ́, ó dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé, ó sì gbé ìbọn 76 mm (bí ihò ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó nìyẹn) lórí, èèyàn mẹ́ta péré ló ń gbé. Saracen, ẹrù èèyàn ló wà fún, ẹni méjì tó ni ọkọ̀ pẹ̀lú sójà mẹ́sàn-án nínú ikùn ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnì fi ní láti wà níwájú kí ilẹ̀kùn lè wà lẹ́yìn fún wọn láti bẹ́ sílẹ̀. Tó o bá rí imú onígun tó yọ síwájú tó ní ihò ihò bíi ti rèdíétọ̀, Saracen ni, má tiẹ̀ wo òkè. Èmi ò wo imú, táyà nìkan ni mo kà.

Tún wá wo Saladin àti Scorpion. Ìbọn orí Scorpion, ìdílé kan náà ni pẹ̀lú ti Saladin, 76 mm ni méjèèjì, wọ́n kàn dín ti Scorpion kù kó lè fúyẹ́ ni, nítorí náà tí fọ́tò bá gé abẹ́ ọkọ̀ kúrò, wàá ṣi orúkọ pè tán. Ẹnu kan náà, ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Saladin ń fi táyà rìn, Scorpion ń fi ṣéènì rìn bíi katapílà. Ibẹ̀ ni ọdún sì ti máa ń jáde fún ẹ, torí Scorpion, ìgbà 1970 síwájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o jáde, ogun abẹ́lé wa sì parí ní January 1970. Obìnrin kan gbé fọ́tò Scorpion wá bá mi tó ní ọkọ òun ni lójú ogun Bìáfírà, mo ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀, bárékè ni, lẹ́yìn ogun ni. Ó bínú kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó padà wá ṣá.

Ó yá, ká padà sórí tìẹ. Kí ló jẹ́ n pè é ní Ferret? Táyà mẹ́rin, ara ẹ̀ kéré débi pé èjìká bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilé ìbọn tó ń yí lórí ẹ̀ dọ́gba, ìbọn tó sì yọ jáde, máṣíìngọ́ọ̀nù tín-ín-rín ni, kì í ṣe àgbá. Daimler ló ṣe é, Coventry náà ni, láti 1952 títí di 1971, wọ́n ṣe 4,409, ẹni méjì péré ló ń wọ̀ ọ́, ọkọ̀ amí ni, nǹkan tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé jíà márùn-ún tó fi ń lọ síwájú, márààrún náà ló fi lè lọ sẹ́yìn, ìyẹn ni pé tó bá yọjú rí ọ̀tá, kò ní wáhálà à ń yípo, eré náà ni yóò fi sá padà. Tí kò bá ní ilé ìbọn lórí, tí òkè ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, Mk 1 nìyẹn, irú àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe. Tìẹ ní ilé, ó jọ Mk 2.

Ọkọ̀ tó máa ń dà á pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn lójú ni Panhard AML ti Faransé, táyà mẹ́rin lòun náà, Nàìjíríà sì ní i. Wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn: AML ní ilẹ̀kùn níbẹ̀ tí wọ́n ń gbà wọlé, Ferret, orí ni wọ́n ń gbà bọ́ sínú ẹ̀, sípíà táyà sì máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan. Sípíà yẹn tún wúlò fún nǹkan míì tí mi ò tètè mọ̀. Apá òsì ọkọ̀ ló máa ń wà. Tó o bá rí i lápá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó fọ fọ́tò ló dojú fíìmù dé, gbogbo nǹkan á wá yí padà bí inú dígí, kó o lọ wo nọ́ńbà ọkọ̀ bóyá ó ń ka sẹ́yìn. Fọ́tò tìẹ ò ní ìṣòro yẹn, sípíà ẹ̀ wà níbi tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ "Ọ̀rẹ̀ 1967" yẹn wá ńkọ́? Ferret ò tako ọdún yẹn, sójà ìjọba lò ó nínú ogun náà, òun àti Saladin. Àwọn Bìáfírà sọdá odò Ọya ní August 9, 1967, wọ́n gba Bini, wọ́n dé Ọ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lé wọn padà, ìyẹn ló bí "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" tá a gbọ́ sétí láti kékeré. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í sọ orúkọ ìlú. Ìkọ̀wé ẹ̀yìn fọ́tò yẹn, wò ó dáadáa, ẹni tó kọ ọ́ pè é ní táǹkì, sójà tó bá wọnú Ferret rí ò ní pè é bẹ́ẹ̀ láéláé. Èmi rò pé ọmọ tàbí ìyàwó ló kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti rí fọ́tò kan tí wọ́n kọ ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé mẹ́ta, àwọn ìyàwó bàbá náà mẹ́ta.

Táǹkì gidi náà, ẹsẹ̀ ni. Èyí táwọn èèyàn máa ń gbé wá jù ni T-55 ti Rọ́ṣíà, àwọn ológun wa ní in lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ka ẹsẹ̀ tó wà nínú ṣéènì: márùn-ún. Wo àlàfo: láàárín ẹsẹ̀ kìíní àti èkejì lálàfo ńlá wà, àwọn yòókù fara ti ara wọn. T-62 náà ní márùn-ún, àmọ́ ẹ̀yìn lálàfo tiẹ̀ wà, àwọn ti iwájú ló fún pọ̀. Tó o bá ka mẹ́fà, tó sì jẹ́ fọ́tò ológun Nàìjíríà láyé 1980 síwájú, ronú kan Vickers Mk 3. Ó tán. Mi ò ní fi èyí gùn jù, torí fọ́tò táǹkì gidi ò wọ́pọ̀ nínú àpótí ìdílé wa.

Ọkọ̀ tó fi ojú mi rí màbo jù lọ ni ọ̀kan tí kò jọ ẹyọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá a, irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n jó pọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti jó o hàn kedere, ojú ẹ̀ dà bí àpótí òkú. Mo rò pé ti Rọ́ṣíà ni, mo rò pé ti ogun Hitler ni. Ìgbà tí mo wá bá wọn ṣe òde kan ní ìlà-oòrùn, mo yà sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tó wà ní Umuahia, èyí tí wọ́n ṣí ní 1985, ibẹ̀ ni mo ti rí i lójúkojú: Red Devil, èyí táwọn Bìáfírà fúnra wọn jó pọ̀ nígbà tí wọn ò rí ọkọ̀ ogun rà. Kò sí méjì tó jọra délẹ̀délẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí irin ọkọ̀ ò bá ti gún régé, mo máa ń bi ara mi bóyá alágbẹ̀dẹ ló ṣe é kì í ṣe iléeṣẹ́. Bó o bá ráyè dé Umuahia, lọ. Fífọwọ́ kan táyà ọkọ̀ yàtọ̀ sí wíwò ó nínú fóònù.

Ó ku fọ́tò kejì. Níbí gan-an lo ti máa yọ̀. Ìbọn àgbá, ìrù ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀, ìyẹn irin gígùn tó fi ń ti ilẹ̀ lẹ́yìn kó má baà ta padà. Gbogbo èèyàn ló máa sọ fún ẹ pé 25-pounder ni torí òun ni wọ́n mọ̀, ọmọ ìlú òyìnbó ni, òkìkí ẹ̀ sì kàn. Ṣùgbọ́n 25-pounder, ìrù kan gbàgìdì ló ní, bí àpótí, àti irin roboto kan bí ọmọrí ìkòkò ńlá tó máa ń jókòó lé lórí láti lè yí kiri. Tìẹ ní ìrù méjì tó yà bí ẹsẹ̀ ẹni tó la ẹsẹ̀ sílẹ̀. Kò sí irin roboto. Ọ̀pá ẹ̀ kúrú, asà irin wà níwájú ẹ̀. Mo gbà pé howitzer 3.7-inch ni (howitzer ni ìbọn àgbá tó ń ju ọta sókè kó tó já sílẹ̀), èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè, tí wọ́n lè tú sí ẹrù mẹ́jọ kí ìbaaka gbé e.

Ọ̀kan wà tó jọ ọ́ o, OTO Melara Mod 56 ti Ítálì, 105 mm, òun náà kúrú, òun náà ní ìrù méjì àti asà, òun náà ni wọ́n lè tú palẹ̀, àwọn ológun wa sì lò ó. Níbí ni mo ti máa gbà pé ẹnu ìbọn wúlò díẹ̀: ti Ítálì ní irin oníhò ihò tó wú lẹ́nu ẹ̀, 3.7-inch, ẹnu ẹ̀ mọ́lẹ̀ lásán. Tìẹ mọ́. Orúkọ Mod 56 sì ti sọ ọdún ẹ̀ fún ẹ, kò lè bá ẹnikẹ́ni dé Bọ́mà.

3.7-inch ni ìbọn àwọn ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà ní 81st Division, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan, tí wọ́n jà ní àfonífojì Kaladan ní 1944, ibi tí mọ́tò ò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rìn, orí ni àwọn aláàárù wọn fi ń ru ẹrù ogun nínú igbó. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn náà, ní Kamẹrúùnù láàárín 1914 sí 1916, orí èèyàn wa ni wọ́n fi ru ìbọn 2.95-inch tí wọ́n tú sí wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń ru iṣu lọ sọ́jà. Nítorí náà ohun tí wọ́n ń sọ nínú ẹbí yín bá fọ́tò mu. Tó bá jẹ́ ìbọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ́ sílẹ̀ bí àdògán lo gbé wá ni, D-30 ti Rọ́ṣíà, mi ò bá ti sọ fún ẹ pé kó o lọ gbàgbé Bọ́mà.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe báyìí. Èyí tó o fi ránṣẹ́ yẹn, ó jọ pé o ti gbà á kọjá nínú àwọn áàpù tó ń mú fọ́tò dán, torí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́rin yẹn ti ní ìka mẹ́fà, táyà ìbọn náà sì ní bóòtù tí iléeṣẹ́ kankan ò fi síbẹ̀ rí. Pa ìyẹn rẹ́. Lọ skáànì ojúlówó ẹ̀ ní 600 dpi, iwájú àti ẹ̀yìn, má gé etí kankan kúrò, pàápàá ìsàlẹ̀ lápá òsì níbi tí ìrù ìbọn ti wọ inú koríko. Ti Ferret, mo fẹ́ rí nọ́ńbà tó wà níwájú ọkọ̀, ọwọ́ bàbá ló bo ìdajì ẹ̀ ṣùgbọ́n ó jọ pé mo rí nọ́ńbà méjì. Tí ọ̀rẹ́ bàbá kankan bá sì kù láyé, má bi í pé ọkọ̀ wo nìyí, bi í pé kí ni bàbá ń ṣe nínú ẹ̀, ṣé wíwà ni àbí ìbọn, kó o wá gbọ́ ohun tó máa tẹ̀ lé e.